Àná, Ìjẹta àti Ọjọ́ Inú Ìwé: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Sọ Àkókò fún Òǹkàwé

Ọ̀nà méjì ni ọmọ ènìyàn máa ń gbà sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Èkínní ni kí ó dárúkọ ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì sọ oṣù àti ọdún rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá wí pé ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá, ọdún 1960 ni Nàìjíríà gba òmìnira. Èkejì ni kí ó fi òní ṣe ìwọ̀n, kí ó wí pé àná ni, tàbí ìjẹta, tàbí ní nǹkan bí wákàtí méjì sẹ́yìn. Ọ̀nà kìíní ni àwọn akọ̀wé ilé ẹjọ́, àwọn òpìtàn àti àwọn tí ń tọ́jú ìwé ìjọba ń lò. Ọ̀nà kejì ni ìyá ń lò fún ọmọ rẹ̀, òun náà sì ni aládùúgbò ń lò fún aládùúgbò. Bí ènìyàn bá bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ìgbà wo ni o ti oko dé?" tí ọ̀rẹ́ náà sì dáhùn pé, "Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún ni," olùbéèrè yóò wò ó lójú bí ẹni pé nǹkan ń ṣe é. "Àná ni mo dé" ni ìdáhùn tí etí ń retí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà méjì yìí ti di iṣẹ́ ńlá fún àwọn tí ń ṣe ètò fún kọ̀ǹpútà. Ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún ọjọ́: ọjọ́ tí a kọ ìròyìn, ọjọ́ tí a fi lẹ́tà ránṣẹ́, ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Ní àtètèkọ́ṣe, bí ẹ̀rọ bá ṣe tọ́jú ọjọ́ náà ni ó ṣe máa ń kọ ọ́ jáde, tòun ti wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìròyìn náà gbóná tàbí ó ti tutù níláti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí gba ìṣirò náà ṣe fún òǹkàwé. Ní ọdún 2008, John Resig, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti di olókìkí nípa ètò tí à ń pè ní jQuery, fi ètò kékeré kan síta tí ń sọ ọjọ́ di "lánàá" tàbí "ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, kò sí ẹni tí ń lo fóònù tí kò tíì rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó rọrùn fún ojú láti kà yìí kò rọrùn fún ọwọ́ láti ṣe, nítorí pé láàárín bí ẹ̀rọ ṣe ń ka àkókò àti bí ènìyàn ṣe ń sọ ọ́, ọ̀nà jìn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á. Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní ti kọ̀ǹpútà, bí òréré gan-an ni ìgbà ń lọ. Kò mọ òjò, kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, kò mọ ọjọ́ ọjà, kò sì mọ ọjọ́ ọdún. Nínú ètò Unix, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ayé ń tẹ̀lé, iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ti kọjá láti ọ̀gànjọ́ òru tí ó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1970, ní ìwọ̀n aago Greenwich, ni ẹ̀rọ ń kà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001, ìkà náà pé 1,000,000,000. Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú 46 ni nígbà náà ní Nàìjíríà. JavaScript, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí Brendan Eich dá sílẹ̀ ní ọdún 1995, tilẹ̀ tún pín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 1,000. Ẹ wo bí ó ti yàtọ̀ tó sí ti àwọn tí ó ti inú ojú tí ń ṣẹ́ mú orúkọ "ìṣẹ́jú" jáde! Ojú ara wọn ni wọ́n fi ṣe aago.

Bí òǹkàwé bá ṣí ojú ewé kan, ètò inú rẹ̀ a mú iye tí ìkà náà dé ní ìṣẹ́jú yẹn, a sì yọ iye tí ó wà nígbà tí a kọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù ni ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ náà. Ìṣẹ́jú-àáyá 60 ni ìṣẹ́jú kan, 3,600 ni wákàtí kan, 86,400 sì ni ọjọ́ kan. Bí èyí tí ó ṣẹ́ kù bá jẹ́ 7,500, a jẹ́ pé wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùn-ún ti kọjá. Ṣùgbọ́n ètò náà kò ní sọ gbogbo rẹ̀. Yóò wí pé "wákàtí méjì sẹ́yìn," yóò sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún náà sílẹ̀. Irọ́ kọ́ ni ó pa. Bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ó ṣe é, nítorí bí nǹkan bá ṣe jìnnà sí wa tó ni ìwọ̀n tí a fi ń wọ̀n ọ́n ṣe ń fẹ̀ tó. Kò sí ẹni tí í wí pé, "Ọdún méjì, oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn ni mo kọ́ ilé mi." Yorùbá tilẹ̀ lè pàdé ẹni tí kò rí fún odindi oṣù kan, kí ó sì kí i pé, "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta!" láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní òpùrọ́.

Ẹ̀rọ kò ní irú ọgbọ́n inú bẹ́ẹ̀. A níláti fi ààlà hàn án. Nínú Moment, ètò kan tí ó jáde ní ọdún 2011 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lò, ohun tí kò bá tíì tó ìṣẹ́jú-àáyá 45 ni à ń pè ní "ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ sẹ́yìn." Bí ó bá ti tó ìṣẹ́jú 45, ó ti di "wákàtí kan," bí ó bá sì ti tó wákàtí 22, ó di "ọjọ́ kan." Oṣù ni ó tún le jù, nítorí òmíràn ní ọjọ́ 31, òmíràn ní 30, oṣù kejì sì ní 28 tàbí 29. Bí ènìyàn bá bèèrè ọjọ́ tí ó pé oṣù kan ṣáájú ọjọ́ 31, oṣù kẹta, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú kàlẹ́ńdà. Olúkúlùkù ètò ni ó níláti yan ohun tí yóò ṣe.

Ìṣòro kìíní tí ó ń mú oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe àṣìṣe ni ti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, "àná." Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò rò pé wákàtí 24 sẹ́yìn ni àná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ lẹ́tà kan ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí a sì kà á ní aago kan òru tí ó mọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí 26 péré ni ó kọjá láàárín wọn. Ẹ̀rọ tí ó bá fi 24 pín in yóò rí ọjọ́ kan, yóò sì wí pé àná ni. Ṣùgbọ́n nínú kàlẹ́ńdà, ọjọ́ Ajé ni àná ọjọ́ Ìṣẹ́gun; ọjọ́ Àìkú jẹ́ ìjẹta. Bákan náà, lẹ́tà tí a kọ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí a kà ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò tíì pé wákàtí 24, síbẹ̀ àná ni olúkúlùkù yóò pè é. Nítorí náà, wákàtí ni a fi ń ka wákàtí, kàlẹ́ńdà ni a sì fi ń ka ọjọ́. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Ìṣòro kejì ni ti ibi tí òǹkàwé wà, nítorí ilẹ̀ kì í mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní gbogbo ayé. Aago Nàìjíríà àti ti Benin bá ara wọn mu. Wákàtí kan ni wọ́n fi ṣáájú aago Greenwich. Ṣùgbọ́n Togo, tí ó bá Benin pààlà, aago Greenwich ni ó ń lò. Bí ó bá di aago méjìlá ààbọ̀ òru ní Kútọnu, ọjọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nígbà tí ó kù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ti àná tó parí ní Lomé. Ti Brazil tún jìnnà sí i. Ní Salvador, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú gúnlẹ̀ sí láyé àtijọ́, wákàtí mẹ́rin ni aago wọn fi wà lẹ́yìn ti Ìbàdàn. Bí ẹnìkan ní Ìbàdàn bá kọ ìròyìn kan ní aago méjì òru ọjọ́rú, aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ní Salvador. Nígbà tí ó bá di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́rú ní Ìbàdàn, ará Ìbàdàn yóò ka ìròyìn náà sí ti òní, ará Salvador tí ó jí ní aago mẹ́rin ìdájí rẹ̀ yóò sì kà á sí ti àná. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gba òtítọ́. Bí ẹ̀rọ bá wí fún wọn pé "wákàtí mẹ́fà sẹ́yìn," ọ̀rọ̀ kan náà tọ́ fún àwọn méjèèjì. Bí ó bá fẹ́ wí pé "lánàá," ó níláti kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń tọ́jú àkókò pamọ́ ní ìwọ̀n Greenwich, tí wọ́n sì ń fi ìṣirò "àná" àti "ọ̀la" sílẹ̀ di ìgbà tí òǹkàwé bá ṣí ojú ewé náà níbi tí ó wà.

Ìṣòro kẹta ni ti èdè, èyí ni ó sì kan àwa Yorùbá jùlọ. Ètò tí a kọ́kọ́ ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì a máa gbé iye síwájú, a lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, ó parí. Èdè mìíràn kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ní èdè Rọ́ṣíà, wákàtí kan ni chas, wákàtí méjì jẹ́ ti chasa, márùn-ún jẹ́ ti chasov. Bí ó bá sì di mọ́kànlélógún, a tún padà sí chas. Ẹ̀yà mẹ́fà ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kà fún èdè Lárúbáwá. Nínú àkójọ ìlànà èdè tí à ń pè ní CLDR, èyí tí àjọ Unicode ń tọ́jú, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni a kọ fún Yorùbá, nítorí pé "wákàtí" kì í yí padà, ìbáà jẹ́ kan tàbí ọgọ́rùn-ún.

Òótọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ yí padà, ipò rẹ̀ a máa yí. À ń wí pé "ìṣẹ́jú márùn-ún," "ìṣẹ́jú mẹ́wàá". Ọ̀rọ̀ ni ó ṣáájú, iye ni ó tẹ̀lé. Nígbà tí a bá dé ogún, iye a bọ́ síwájú: "ogún ìṣẹ́jú," "ọgbọ̀n ọjọ́," "àádọ́ta ọdún." Bí a bá kúrò lórí ogún, a tún padà: "ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún." Ètò tí kò bá mọ èyí yóò kọ "ìṣẹ́jú ogún sẹ́yìn," ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò sì mọ̀ pé ẹnu àjèjì ni ó ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ iye sílẹ̀ ní fígọ̀, tí wọ́n ń fi kíkà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnu òǹkàwé.

Ewu tí ó tóbi jù wà nínú bí a ṣe ń ka ọjọ́. Láti òdo ni kọ̀ǹpútà ń bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀. Nínú JavaScript, oṣù kìíní ọdún gan-an ni a ń pè ní òdo. Lójú ẹ̀rọ, òní jẹ́ òdo, àná jẹ́ ọ̀kan, ọjọ́ tí ó ṣáájú àná jẹ́ méjì. Yorùbá ní tirẹ̀ a máa ka òní mọ́ ọn. Òní ni ọjọ́ kìíní, àná ni èkejì, ọjọ́ tí ó ṣáájú àná sì ni ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ ni "ìjẹta" ti gba orúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjẹrin ṣe jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn lójú ẹ̀rọ, tí ìdúnta sì jẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn. Ọjà tí ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni à ń pè ní ọjà ọrọọrún, nítorí pé bí a bá ka ọjọ́ tí ó ná mọ́ ọn, ní ọjọ́ karùn-ún ni yóò tún ná. Ìkà kan náà ni ó wà nínú òwe tí ó wí pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń kà báyìí. Àwọn Faransé náà a máa pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nítorí náà, bí ẹni tí ń túmọ̀ ètò kan bá rí "ọjọ́ 3 sẹ́yìn" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó rí ẹ̀ta nínú "ìjẹta," tí ó sì fi èkejì dípò èkínní, ó ti fi odindi ọjọ́ kan ṣi gbogbo òǹkàwé lọ́nà. Nínú ìròyìn bọ́ọ̀lù, a lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn tí kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ márùn-ún, ẹ̀rín ti tán. Ohun tí ó tọ́ ni kí ètò lo "ìjẹta" fún ọjọ́ méjì sẹ́yìn, kí ó lo "ọ̀tunla" fún ọjọ́ méjì tí ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Jámánì ṣe ní vorgestern àti übermorgen tiwọn. Ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún èyí. Láti ọdún 2020, ìlànà èdè JavaScript ní irinṣẹ́ kan, Intl.RelativeTimeFormat, tí ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èdè kọ̀ọ̀kan dípò kí ó máa to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ. Ohun tí àwọn tí ó ni èdè bá fi sínú àkójọ ni ẹ̀rọ yóò bá níbẹ̀.

Ó kù ohun kan tí ó ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ bí "àná" àti "ọ̀la" kì í pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ojú ewé tí a ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀, tí kò sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, yóò ṣì máa wí pé "ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn" nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Fóònù tí aago rẹ̀ kò tọ́ yóò wí pé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ìwé tí a tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà, tí a kọ "ọjọ́ méjì sẹ́yìn" sí lára, kò wúlò fún adájọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ ọjọ́ wo ni a ti ń kà á bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kà pé ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò yóò parí "lọ́la" lè pàdánù odindi ọdún kan, bí ó bá jẹ́ pé àná ni a kọ ọ̀la náà.

Fígọ̀ lásán náà kò tó láti gba ènìyàn là, bí a kò bá kọ ọ́ dáadáa. 03/05/2024 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún fún ará Nàìjíríà àti ará Bìrìtìkó, ṣùgbọ́n ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ni fún ará Amẹ́ríkà. Nítorí irú èyí ni a ṣe gbé ìlànà ISO 8601 jáde ní ọdún 1988, tí ó ní kí a kọ ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ sì gbẹ̀yìn: 2024-05-03. Àwọn tí ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ní àmì kan tí à ń pè ní time, tí ó ń gba ọ̀nà méjèèjì mọ́ra: ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn ni òǹkàwé ń rí, ọjọ́ gidi wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹni tí ó bá wá a. Ohun tí ó bá jẹ mọ́ owó, òfin, ìlera tàbí ìdánwò, kí a kọ ọjọ́ gidi náà síta gbangba, kí "lọ́la" kàn jẹ́ ìránnilétí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

A ti rí i báyìí pé ẹni tí ó fẹ́ kí ẹ̀rọ máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀lé ìṣirò nìkan. Ó níláti mọ kàlẹ́ńdà, kí ó mọ ibi tí òǹkàwé wà, kí ó sì gbọ́ èdè òǹkàwé náà dé gbòǹgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìdí tí ìjẹta fi ń jẹ́ ìjẹta, tí ó sì mọ ìdí tí ogún fi ń ṣáájú ìṣẹ́jú, ti ní ohun èlò kan lọ́wọ́ tí olóye ẹ̀rọ tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní. Bí irú wọn bá kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn ni yóò kọ́ ẹ̀rọ ní bí a ṣe ń sọ àkókò ní èdè wa; bí wọn kò bá kọ́ ọ, ẹlòmíràn yóò kọ́ ọ fún wọn, yóò sì fi ọjọ́ kan ṣì í.